Ta Ló Ń Sún Ààlà Igbó?

Orúkọ Ìbàdàn, ìlú olókè méje, jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn baba wa mọ ibi tí igbó parí sí. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni wọ́n pè é: igbó kìjikìji wà lápá gúúsù, ọ̀dàn, ìyẹn ilẹ̀ koríko, wà lápá àríwá. Kí ló wá fi ààlà yẹn síbẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní òjò ni. Òótọ́ ni, bó o bá ṣe ń lọ sókè ọya lòjò ń dín kù. Àmọ́ òjò nìkan kọ́.

Lọ́dún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wọ́n pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta. Wọ́n ń dáná sun apá kan lọ́dọọdún níparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ fáú. Wọ́n ń sun èkejì níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Àwa tá à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ ọgbọ́n yìí dáadáa: yí ohun kan ṣoṣo padà, fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, kó o wá máa wò ó.

Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, kó tó pé ọgbọ̀n ọdún, ibi tí iná ò dé ti di igbó, òjìji igi sì ti pa koríko ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ń sun níparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ ọ̀dàn, koríko àti ìwọ̀nba igi tó lè fara da iná. Èyí tó kù wà láàárín méjèèjì.

Ìyẹn ni pé iná ọdẹ, iná oko àti iná darandaran lè sún ààlà igbó. Bá a bá sì dáwọ́ iná dúró, igbó lè padà, torí gbòǹgbò àti irúgbìn ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní etíkun Lẹ́kkí. Iná kọ́ ló ń lé igbó níbẹ̀, yanrìn àti kọnkéré ni. Èbúté ńlá Lẹ́kkí, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ń fa ilé iṣẹ́, ọ̀nà àti ilé gbígbé wá sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Ilẹ̀ tí wọ́n ti kó yanrìn bò, tí wọ́n da kọnkéré lé, irúgbìn wo ló máa yọ níbẹ̀? Lekki Conservation Centre ò ju hẹ́kítà 78 lọ, àmọ́ ọdún 1990 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, kí ilé tó yí i ká bó ṣe rí lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí igbó ṣẹ́ kù ní Ìbẹ̀jú, kí tírélà yanrìn tó dé ló ti gbọ́dọ̀ ya ilẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀.