Ta Ló Jẹ Obì? Ìtàn Souvenir Láti Ìdí Ìdána Dé Oko Ọba

Àpò nẹ́ẹ̀tì kéékèèké 60 la ní láti dì kí ilẹ̀ tó mọ́. Orí ilẹ̀ pálọ̀ wa ní Oko Ọba la jókòó sí: èmi, àbúrò mi àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n wa méjì. Bridal shower ẹ̀gbọ́n wa ku ọjọ́ kan. Inú àpò kọ̀ọ̀kan, a ń bu ẹ̀kúnwọ́ chin-chin tí a fọwọ́ ara wa dín, a ń fi súìtì mẹ́ta sí i, a wá ń fi ríbọ́ọ̀nù so ó pọ̀ mọ́ bébà tí a kọ orúkọ ìyàwó sí.

Kì í ṣe pé a fẹ́ràn wàhálà o. Owó ni ò sí. Abọ́ oníke tí wọ́n ń tẹ orúkọ sí lára la kọ́kọ́ fẹ́ rà. Nígbà tí Dádì gbọ́ iye tí wọ́n pè é lọ́jà, wọ́n kàn ní "ó dáa", wọ́n sì wọ yàrá lọ. Irú abọ́ yẹn gan-an ni Dádì fi ọdún 19 ṣe nílé iṣẹ́ kan ní Ikeja, kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Owó tí wọ́n ṣèlérí fún wọn ò tíì dé títí dòní.

Ibi tí a ti ń dì í ni Ìyá Àgbà ti wọlé. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lẹ pe èyí?"

"Souvenir ni, mà."

"Mo rí i pé ó rẹwà. Ẹ̀rí wo ló ń jẹ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ tú ìbéèrè yẹn wò, torí pé ìtàn wà nínú ẹ̀.

Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù nílùú òyìnbó. Lẹ́yìn tí Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ látinú àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì jáde ní 1921. Nínú ìwé náà, Johnson ní obì ńlá 40 wà lára ohun tí wọ́n fi ń dána, pẹ̀lú owó àti aṣọ. Wọ́n á pa obì náà, gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ á sì jẹ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ ti di ẹlẹ́rìí nìyẹn. Ẹ ò rí i? Souvenir àkọ́kọ́ tí a ní, ẹnu ni wọ́n fi ń gbà á. Ẹni tó jẹ obì ò lè sọ lọ́la pé òun ò sí níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sóhun tó jọ bridal shower nílẹ̀ wa. Lágbègbè Ọ̀yọ́, ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á máa káàkiri pẹ̀lú ẹkún ìyàwó, àwọn èèyàn á sì máa ta á lọ́rẹ. Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn. Ní Ítálì, álímọ́ńdì márùn-ún tí wọ́n fi ṣúgà bò ni wọ́n ń dì fún àlejò: ti ìlera, ti ọrọ̀, ti ayọ̀, ti ọmọ àti ti ẹ̀mí gígùn. Ṣé kò jọ oyin, iyọ̀ àti atare tiwa?

Wàyí o, Àgége wa yìí, obì wà lára ohun tó kọ́ ọ. Captain J.P.L. Davies dá oko kòkó sí Ijọn, nítòsí Àgége, ní nǹkan bí 1880. J.K. Coker náà dá oko kòkó àti obì ńlá sí Ìfàkọ̀, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Rélùwéè ti dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kánò ní 1912. Bí gbànja ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sókè Ọya nìyẹn, tí àwọn oníṣòwò Hausa sì ń wá tẹ̀dó sí Àgége.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ gba ipò oko. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló bẹ̀rẹ̀ àgbègbè ilé iṣẹ́ Ikeja ní ìparí àwọn ọdún 1950, kí Ikeja tó bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1967. Wọ́n ń ṣe abọ́ tánganran níbẹ̀, wọ́n ń ṣe oníke. Nígbà tí owó epo dé láàárín àwọn ọdún 1970, òde ń pọ̀ sí i, abọ́ àti táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ orúkọ sí wá gba ipò obì lọ́wọ́ àlejò. SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, ohun èèlò tí wọ́n ń rà lókè òkun wọ́n gógó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn, ọjà láti Ṣáínà sì ń wọlé. Òde ò dúró o, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń ṣe abọ́ ti ń dilẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà ti lọ sọ́jà kí a tó jí. Wọ́n ra obì àbàtà 15, wọ́n fi ewé wé e kó má baà gbẹ. Gbànja kì í ju awẹ́ méjì lọ, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti ṣa àwọn aláwẹ́ mẹ́rin. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: 15 lọ́nà mẹ́rin, 60 náà ni.

"Ta ló máa pa á?" ni wọ́n bi wá.

Dádì jáde láti yàrá. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n jókòó sílẹ̀ láàárín wa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa obì, awẹ́ kan sínú àpò kan, títí 60 fi pé. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n rárá. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ka àwọn àpò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bí wọ́n ṣe máa ń ka abọ́ níbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ náà, àwọn kan yọ obì ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, chin-chin ni wọ́n bá lọ. Kò burú. Ọ̀pọ̀ ló jẹ ẹ́, tí ojú wọn ń kọ́rẹ́ torí pé ó korò. Àwọn yẹn ni ẹlẹ́rìí wa. Ìwọ náà, nígbà mìíràn tí wọ́n bá gbé souvenir lé ẹ lọ́wọ́ lóde, kó o tó sọ ọ́ sínú báàgì, bi ara ẹ: kí ni mo wá jẹ́rìí sí, ta ló sì fọwọ́ ṣe é?