Ẹni tí a Wọ̀n àti Ẹni tí ó Ń Wọ̀n: Ìtàn Ìwádìí Ìrìn Ènìyàn

1. Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni ìtàn bí àwọn onímọ̀ ti ń fi ẹ̀rọ wọn ìrìn ènìyàn, láti ayé kámẹ́rà títí dé ayé kọ̀ǹpútà, àti ipò tí àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú ìtàn náà. Ẹni tí ó bá gba Onírèké lọ sí Dùgbẹ̀ yóò rí i pé ìrìn pé oríṣìíríṣìí: alágbàárù ń fi òṣùká gbẹ́rù, ọmọdé ń rìn tàgétàgé, arúgbó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Èdè Yorùbá pàápàá fi ìyàtọ̀ sí ẹni tí ó ń yan àti ẹni tí ó ń tiro. Ìbéèrè wa ni èyí: nígbà tí ẹ̀rọ bá sọ pé ìrìn kan dára, ìrìn ta ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n?

2. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìmọ̀ náà

Ní 1878, Eadweard Muybridge to kámẹ́rà púpọ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní California láti ya àwòrán ẹṣin tí ń sáré. Ní 1882, Étienne-Jules Marey ní ilẹ̀ Faransé ṣe kámẹ́rà tí ó dà bí ìbọn, tí ń ya àwòrán 12 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Leipzig, ní 1891, Wilhelm Braune àti Otto Fischer so iná mọ́ apá àti ẹsẹ̀ sójà kan, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ bí ó ti ń rìn nínú òkùnkùn. Òru kan ni wọ́n fi ya á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Láti 1895 dé 1904 ni ìwé wọn ń jáde ní apá-apá.

3. Paris, 1895

Ní 1895 kan náà, wọ́n kó àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Paris fún àfihàn, kí àwọn èrò lè máa wò wọ́n. Níbẹ̀ ni oníṣègùn kan, Félix-Louis Regnault, ti ya ìṣesí obìnrin Wolof kan tí ń mọ ìkòkò, àti ti àwọn mìíràn tí ń rìn. Ó gbà pé ìṣesí ara lè fi ipele ọ̀làjú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan hàn. Síbẹ̀, òun náà ni ó tún gbà pé ìrìn tí a fi orúnkún títẹ̀ rìn kì í tètè rẹni, tí ó sì fẹ́ kí àwọn sójà Faransé kọ́ ọ. A rí i pé ó gba ọgbọ́n ìrìn lọ́wọ́ àwọn tí ó kà sí ẹni ẹ̀yìn. Orúkọ ẹ̀yà obìnrin amọ̀kòkò náà nìkan ni a fi ń dá fíìmù rẹ̀ mọ̀.

4. Kọ̀ǹpútà àti òṣùwọ̀n

Láàárín 1970 sí 1990 ni kámẹ́rà tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà wọ yàrá ìwádìí. A ó lẹ àmì róbótó tí ń dán mọ́ ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn kámẹ́rà yóò máa wò wọ́n láti ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kọ̀ǹpútà yóò sì ṣírò ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà. Pátákó tí a tẹ́ sílẹ̀ yóò wọn agbára tí ẹsẹ̀ fi tẹlẹ̀. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ di iṣẹ́ ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n kí a tó lè pe ìrìn aláìsàn ní èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó, a ní láti fi í wé ìrìn àwọn tí ara wọn dá.

Ìwádìí ẹrù gbígbé fi hàn pé ìfiwéra yìí gba ìṣọ́ra. Ní 1986, Maloiy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kenya lè ru ẹrù tí ó tó ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn láìlo agbára kún èyí tí wọ́n fi ń rìn lọ́wọ́ òfo. Ní 1995, Heglund àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi pátákó náà wá ìdí rẹ̀: bí ara bá ti ń ròkè tí ó sì ń sọ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin wọ̀nyí ń tún agbára náà lò ju àwọn ẹlòmíràn lọ nígbà tí ẹrù bá wà lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lloyd àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àwọn obìnrin Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà, nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2010, wọn kò rí ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwà gbogbo wọn. Nítorí náà, a kò lè fi ti Luo ṣe ti Xhosa, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi ti méjèèjì ṣe ti alágbàárù Dùgbẹ̀.

5. Ìkádìí

Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ físíótẹ́rápì. Bí oníṣòwò tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe bá ń kọ́ ìrìn padà, òṣùwọ̀n tí kò mọ òṣùká lè pe ìrìn tí ó fi ń jẹun ní àléébù, tàbí kí ó dá a sílẹ̀ kí ó tó lè ru ẹrù. Èrò wa ni pé kí ìwádìí ìrìn ní ilẹ̀ yìí kọ́kọ́ wọn àwọn ènìyàn ibí pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìrìn wọn. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tí ó ti wúwo.