Àṣẹ Kì Í Sọ Ọmọ Di Elédè: Sípéènì àti Yorùbá Nínú Ilé ní Atlanta

Ní Buford Highway, lápá àríwá ìlà-oòrùn Atlanta, èdè Sípéènì ń dún ní ṣọ́ọ̀bù, ní ilé oúnjẹ, ní ibùdókọ̀. Òbí tí kò gbọ́ èdè náà, tí ó sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ, a máa wá gbólóhùn díẹ̀ há sórí: “ven acá”, wá síbí, “siéntate”, jókòó, “no toques”, má fọwọ́ kàn án. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n àṣẹ ni gbogbo wọn. Ọmọ ọdún méjì lè ṣe ohun tí wọ́n wí láì lanu rárá. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbólóhùn tí kò bèèrè èsì kò lè sọ ọmọ di elédè.

Ní 2013, Adriana Weisleder àti Anne Fernald gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ 29 tí àwọn òbí wọn ń sọ Sípéènì nílé. Wọ́n gba ohùn inú ilé sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ náà wà ní oṣù 19. Nígbà tí wọ́n fi pé oṣù 24, àwọn tí àgbà ń dojú ọ̀rọ̀ kọ jù ló mọ ọ̀rọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń bá ara wọn sọ létí ọmọ kò so èso bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Seattle pé ìkókó oṣù mẹ́sàn-án kọ́ ìró èdè Ṣáínà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a ṣeré, kò sì rí nǹkan kan kọ́ lára fídíò ẹni kan náà.

Ó dùn mí pé ohun tí mo ń bẹ̀rù fún Sípéènì ti ń ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Ọmọ gbọ́ “wá jẹun”, ó gbọ́ “lọ wẹ̀”, ó gbọ́ “dákẹ́”. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì, nítorí pé a kì í bi í ní ohunkóhun ní Yorùbá. Àwọn baba wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Apàlọ́ tó bá ké “Ààlọ́ o!” kì í tẹ̀ síwájú títí àwọn ọmọ yóò fi dáhùn “Ààlọ̀!”

Àwọn kan yóò ní òbí tó ti ibi iṣẹ́ dé kò ráyè, pé àṣẹ ló yá jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ìbéèrè sì tẹ̀lé e: “¿qué quieres?”, kí lo fẹ́, “¿dónde está tu zapato?”, bàtà rẹ dà? Lẹ́yìn náà kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n gba èsì yòówù tó bá wá, ìbáà jẹ́ ìka tí ọmọ nà sí bàtà. Ṣùgbọ́n ẹni tí Sípéènì rẹ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ kò lè fi í bá ọmọ lo odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Yorùbá tí ó gbọ́ dénú ni kí ó fi sọ ìyókù, kí ó sì fi Sípéènì sọ́wọ́ olùtọ́jú ọmọ tí Sípéènì jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀.