Àbùkù Tó Ń Ṣe Súpákọ́ńdọ́kítọ̀ Lóore

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìjà ẹbí ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí parí: ẹ fìmọ̀ ṣọ̀kan, kí ọ̀tá má wọlé. Àmọ́ ògiri kan wà tí aláǹgbá ń wọ̀ láìwá ihò, tó sì jẹ́ pé ihò inú rẹ̀ ló ń dá aláǹgbá náà dúró. Súpákọ́ńdọ́kítọ̀ ni mò ń wí.

Bí súpákọ́ńdọ́kítọ̀ bá tutù dé ìwọ̀n kan, iná mànàmáná á máa gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà rárá. Inú mẹ́kúrì ni Heike Kamerlingh Onnes ti kọ́kọ́ rí i ní Leiden lọ́dún 1911, nínú òtútù tó tó ìwọ̀n Celsius 269 nísàlẹ̀ òdo. Ta ló lówó òtútù bẹ́ẹ̀? Lọ́dún 1986, àwọn onímọ̀ Bednorz àti Müller rí irú mìíràn tí bàbà àti ọ́síjìn wà nínú rẹ̀. Kí ọdún 1987 tó parí, èyí tó ní yttrium ti ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n 180 nísàlẹ̀ òdo, òtútù tí nàìtírójìn olómi lè fún un.

Òòfà ló wá ba ayọ̀ jẹ́. Bí òòfà líle bá wà nítòsí, agbára rẹ̀ á wọnú súpákọ́ńdọ́kítọ̀ yìí bí òpó tín-ín-rín, bí onímọ̀ Abrikosov ti ṣírò rẹ̀ ní 1957. Iná tó ń ṣàn á máa ti àwọn òpó náà. Bí wọ́n bá ti ń rìn, agbára ń ṣòfò, ìdènà sì ti padà dé nìyẹn. Ooru díẹ̀ tó kù tún ń mú wọn gbọ̀n. Nítorí náà, bí a bá ń mú un tutù lábẹ́ òòfà, ìdènà kì í já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tán. Òòfà tó bá dúró lóòró sí àwọn ìpele bàbà àti ọ́síjìn inú rẹ̀ ló sì ń ṣe é léṣe jù.

Ibí ni àbùkù ti wúlò. Súpákọ́ńdọ́kítọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ sórí ohun líle mìíràn kún fún àléébù kéékèèké, òpó tó bá sì kó sínú àléébù kì í tètè kúrò. Ìdí nìyí tó fi ń gbé iná ju èyí tó mọ́ tónítóní lọ fíìfíì. Ẹ̀rún barium zirconate ni àwọn onímọ̀ tún ń mọ̀ọ́mọ̀ pò mọ́ ọn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, MIT àti Commonwealth Fusion Systems fi irú rẹ̀ ṣe òòfà tó lágbára tó tesla 20. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n 253 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n mú un tutù dé. Fún òòfà tó le tó bẹ́ẹ̀, òtútù nàìtírójìn nìkan kò tíì tó.