Òkè Àjà Kan ní Le Locle: Irinṣẹ́ Agogo El Primero, 1969 sí 1988

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ agogo ọwọ́ àtijọ́, ẹwà ojú rẹ̀ àti orúkọ tí a kọ sí i ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń gbájú mọ́. Ní tèmi, ìbéèrè mìíràn ló yẹ kí onítàn kọ́kọ́ bi: ọwọ́ ta ni irinṣẹ́ tí a fi ń gé eyín rẹ̀ wà? Agogo tí kò lo bátìrì lè pẹ́ ju ẹni tó rà á lọ, ṣùgbọ́n òróró inú rẹ̀ a máa gbẹ, eyín rẹ̀ a máa gbó, irin tí a ká sínú rẹ̀ a sì máa kán. Lọ́jọ́ tí a kò bá rí òmíràn fi rọ́pò, ó di ẹ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀ràn ilé-iṣẹ́ Zenith ní ìlú Le Locle, ní Súwísì, ni mo fẹ́ fi yẹ èyí wò.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1969, Zenith fi El Primero han àwọn oníròyìn. “Àkọ́kọ́” ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Sípéènì. (Seiko ní Japan, àti Heuer òun Breitling, gbé irú tiwọn jáde lọ́dún náà, àríyànjiyàn lórí ẹni tó ṣáájú kò tíì tán.) Ìmìrìn ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń yí i, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì wà fún kíka àkókò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 36,000 ní wákàtí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún yẹn kan náà, Seiko gbé Astron sọ́jà ní Tokyo ní 450,000 yẹ́ẹ̀nì. Quartz àti bátìrì ló wà nínú rẹ̀, kò sì ṣì ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ lóṣù. Nǹkan bí 90,000 ènìyàn ló ń jẹun nídìí agogo ní Súwísì ní 1970. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1980 sí 1990, wọn kò ju nǹkan bí 30,000 lọ.

Ní 1971, Zenith bọ́ sọ́wọ́ Zenith Radio Corporation ti Chicago, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí orúkọ wọn kàn bára mu. Ní 1975 àṣẹ dé pé kí wọ́n dáwọ́ agogo tí kò lo bátìrì dúró, kí wọ́n sì palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Charles Vermot, ọ̀gá kan níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ náà, kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ láti bẹ̀ wọ́n. Wọn kò gbọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ àti àwòrán ẹ̀rọ lọ sí òkè àjà ilé-iṣẹ́ náà ní bòókẹ́lẹ́, ó sì fi wọ́n pamọ́ síbẹ̀.

Ìgboyà rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń ròyìn. Ohun tó ya èmi lẹ́nu jù ni pé ó lẹ orúkọ mọ́ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀lé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó jogún àpò oníṣègùn láìmọ bí a ṣe ń po àwọn ewé inú rẹ̀ kò tíì jogún oògùn. Láìsí ìwé Vermot, irin lásán ni ìbá wà lókè àjà yẹn.

Ní 1978 ilé-iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ àwọn ará Súwísì. Ní 1984 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe El Primero. Láti 1988, Rolex fi í sínú Daytona, ṣùgbọ́n wọ́n dín ìlù rẹ̀ kù sí 28,800, wọ́n sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ títí di 2000.

Èyí kan ẹni tó ń ra èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1969 sí 1975 lónìí. Ẹ̀rọ tuntun bá ti àtijọ́ mu ní ìpìlẹ̀, nítorí náà alágogo lè tú u palẹ̀, kó fọ̀ ọ́, kó kùn ún ní òróró, kó sì wá eyín fi rọ́pò. Iṣẹ́ náà kò rọrùn: eré tí ó ń sá a máa ta òróró nù. Kí olùrà béèrè ìgbà tí wọ́n ti tú u gbẹ̀yìn, kó sì wo orí àwọn ìdè rẹ̀ bóyá ọwọ́ àìmọṣẹ́ ti há wọn. Ìjà kan wà níhìn-ín o: ẹni tó ń kó agogo jọ fẹ́ eyín ìgbà náà gan-an, bí ó tilẹ̀ gbó, alágogo fẹ́ èyí tí yóò ṣiṣẹ́. Tí alágogo ni mo gbè, nítorí irú eyín tí a lè pààrọ̀ ni Vermot torí rẹ̀ gun àkàbà.