Aya Hasan-aga: ìtàn alẹ́ Ọjọ́rú

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ owó mọ́tò tì ná, ìtàn tí mo ṣèlérí rèé. Ọ̀nà rẹ̀ jìn o: Bosnia ni, ní Yúróòpù, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní Bosniak. Mùsùlùmí ni wọ́n, láti ayé ìjọba Ottoman ti àwọn Túúkì, tó wà níbẹ̀ láti 1463 títí di 1878.

Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ a máa kọ orin ogun. Àwọn obìnrin ní tiwọn, orin inú ilé: ọ̀rọ̀ ọkọ, ìyá ọkọ, ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí nígbà yẹn, lójú tèmi, ti obìnrin ni kó gbọ́.

Èyí tó lókìkí jù ni Hasanaginica, ìyẹn aya Hasan-aga. Ọkọ yìí, olóyè ológun, fara gbọgbẹ́, ó wà nínú àgọ́. Ìyá rẹ̀ lọ wò ó, arábìnrin rẹ̀ lọ wò ó. Ìyàwó ò lọ, ojú ń tì í. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìtìjú ni wọ́n fi ń mọ ọmọ ilé ire nígbà náà. Bí ara ọkọ ṣe ń yá, ló bá ránṣẹ́ pé òun ò gbọdọ̀ bá a nílé mọ́. Ọmọ márùn-ún ló ti bí fún un, àbíkẹ́yìn ò tíì rìn.

Arákùnrin rẹ̀ ló mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ dé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ń wá tọrọ rẹ̀. Ó bẹ arákùnrin yìí pé kó má fi òun fún ẹnikẹ́ni, kò gbọ́, ó fi í fún kádì ìlú Imotski. Ẹ̀yin Àlùfáà inú gúrúùpù, ọjọ́ tí òfin ní kí obìnrin fi dúró ńkọ́? Kádì gan-an ló mà ń fẹ́ ẹ!

Ó ní kí wọ́n mú ìbòjú gígùn wá, kí òun má baà rí àwọn ọmọ òun tí wọ́n bá ń gba iwájú ilé kọjá. Àwọn ọmọ rí i, wọ́n pè é. Ó dúró, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́bùn. Bàbá wọn ní kí wọ́n máa bọ̀, òkúta ni ọkàn ìyá wọn. Ó gbọ́ ọ, ó ṣubú, ó kú.

Ọdún 1717 ni Imotski bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Venice, kádì Ottoman ò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ń kọ lórin ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn nìyẹn. Àmọ́ 1774 ni Alberto Fortis, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ará Ítálì, tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Goethe tú u sí èdè Jámánì, gbogbo Yúróòpù gbọ́ ọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé obìnrin yìí ò ní orúkọ nínú orin náà. Orúkọ ọkọ tó lé e ni wọ́n fi ń pè é. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ lórin náà, a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ìgbà tí Milman Parry láti Amẹ́ríkà gba ohùn àwọn obìnrin sílẹ̀ ní ìlú Gacko, ní bíi 1935, ó kọ orúkọ wọn: Halima Hrvo wà lára wọn. Béla Bartók, olórin ará Hungary, ló jókòó ti rẹ́kọ́ọ̀dù náà, ó kọ ohùn orin 75 sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1951, òun fúnra rẹ̀ ti kú.

Ta ló jẹ̀bi, ọkọ ni àbí arákùnrin? Arákùnrin ni mo mú. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó fi ohùn sílẹ̀. Kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ o, dátà wọ́n.