Olùkọ́ni tí Ìpàdánù Kọ́: Ìtàn Ric Charlesworth

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo wo ìtàn Ric Charlesworth, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ẹni tí ó gbá họ́kì fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ tí ó sì wá di olùkọ́ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá mọ eré gbá ni yóò mọ̀ ọ́n kọ́ni. N kò rò bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí ó bọ́ mọ́ ọkùnrin yìí lọ́wọ́ ni ó sọ ọ́ di olùkọ́ni, ju ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lọ.

Ní 1952 ni a bí i. Iṣẹ́ kan kò tó o: ó kọ́ ìṣègùn, ó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún ìpínlẹ̀ rẹ̀, ó sì jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti 1983 di 1993, tí ó ń ṣojú àwọn ará Perth. Síbẹ̀ họ́kì ni ó gba ọkàn rẹ̀. Ìgbà 227 ni ó gbá a fún Ọsirélíà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Òlíḿpíìkì. Ní Montreal ní 1976, góòlù kan ṣoṣo ni New Zealand fi borí wọn ní àṣekágbá. Fàdákà ni wọ́n gbé bọ̀. Ní 1980 òun ni olórí ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba wọn kò fẹ́ kí wọ́n lọ sí Moscow nítorí ogun Afghanistan. Wọ́n jókòó sílé, Íńdíà sì gba wúrà. Ní 1984 Pakistan dá wọn dúró ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Ipò kẹrin ni wọ́n bọ́ sí. Ní 1988 ipò kẹrin náà ni. Lóòótọ́ wọ́n gba ife àgbáyé ní London ní 1986, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ kan wúrà Òlíḿpíìkì rí títí ó fi fi pápá sílẹ̀.

Ní 1993 ni wọ́n fi ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lé e lọ́wọ́. Ipò karùn-ún ni àwọn wọ̀nyí wà ní Barcelona lọ́dún tí ó ṣáájú. Wọ́n gba ife àgbáyé ní Dublin ní 1994, wúrà Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní 1996, ife àgbáyé ní Utrecht ní 1998, àti wúrà ní Sydney ní 2000.

Ọgbọ́n wo ni ó lò? Àwọn baba wa ní ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Charlesworth kò gba èyí fún pápá. Kò jẹ́ kí ipò olórí dúró sọ́wọ́ ẹnì kan; ó ń mú un yí ká láàárín wọn. Bí a bá gbé gbogbo ẹrù lé ẹnì kan lórí, àwọn yòókù a máa rìn lọ́wọ́ òfìfo. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà: òwe kejì yìí ni ó bá ìṣe rẹ̀ mu.

Ní 2009 ó gba ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin. Wọ́n gba ife àgbáyé ní New Delhi ní 2010. Ní The Hague ní 2014, góòlù 6 sí 1 ni wọ́n fi na Họ́láńdì lórí ilẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ní London ní 2012, Jámánì ṣẹ́gun wọn, idẹ ni wọ́n gbà. Wúrà àwọn ọkùnrin tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwa tí a ń kọ́ èdè kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọkùnrin yìí kan náà ni ó kọ Shakespeare the Coach ní 2004. Ó rí i pé eré orí ìtàgé lè kọ́ ẹni tí ń darí eré orí pápá lọ́gbọ́n. Àwa ńkọ́, tí a ní òwe, ìtàn àti ẹsẹ Ifá? Ta ni nínú wa yóò fi wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa lórí pápá? Ohun tí olùkọ́ kò rí gbà, ọmọ tí ó kọ́ dáadáa lè gbà á fún un.